Iléyá àti Kónílé-ó-gbélé: Ìrìnàjò Ọdún Tí A Kò Rìn ní 2020

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè Yorùbá tí a fi ilé ṣe ìpìlẹ̀ wọn, tí ọdún 2020 sì sọ di ọ̀tá ara wọn. Èkíní ni Iléyá, èkejì ni kónílé-ó-gbélé. Èkíní ń pe ọmọ wá sílé, èkejì ń pàṣẹ pé kí olúkúlùkù jókòó sílé. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè rò pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Mushin, tí agbo ilé bàbá rẹ̀ sì wà ní Ìsẹ́yìn, mọ̀ pé ilé tí ọ̀rọ̀ kìíní ń tọ́ka sí kì í ṣe ilé tí èkejì ń tọ́ka sí. Àárín ilé méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn há sí ní ọdún náà. Bí a ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí á ti ọ̀dọ̀ Iléyá bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ Yorùbá, wọn yóò sọ fún yín pé ilé yá ni, ìyẹn ni pé àkókò tó láti lọ sílé. Gírámà rẹ̀ kò lábùkù. A máa ń sọ pé oúnjẹ yá, a máa ń sọ pé ó yá, a sì lè sọ pé ilé yá nígbà tí ọjà bá ń tú. Síbẹ̀, èmi kò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Àwọn Haúsá ń pe ìrúbọ ọdún náà ní layya, ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè Lárúbáwá wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló sì gba ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní àríwá kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa: àdúrà gba ọ̀dọ̀ Haúsá, àlùfáà gba ọ̀dọ̀ àwọn Songhai. Kò ṣòro láti gbà pé layya tọ ọ̀nà kan náà, pé nígbà tó dé etí Yorùbá, etí náà fi ìtumọ̀ tirẹ̀ wọ̀ ọ́. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, nítorí etí kì í fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ tí kò rí ìtumọ̀ fún. Ohun tó jọ mí lójú ni ìtumọ̀ tí etí Yorùbá yàn. Kò yan ẹran, kò yan ìrúbọ, kò yan yídì. Ilé ló yàn. Wọ́n gba ọdún àgbò lọ́wọ́ àlejò, wọ́n sì fi orúkọ ìrìnàjò sọ ọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé? Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń gbé ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ìbàdàn, ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, àgbẹ̀ tó ń lo oṣù mẹ́ta lóko láìwọ ìgboro, tó kọ́lé sóko, tó sì bímọ sóko, kò ní gbà fún yín láéláé pé ará oko ni òun. Agbo ilé tó wà nígboro ni ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin òkú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọmọ fọ́kọ, ibẹ̀ ni àfin wà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ń kọ̀wé lórí àwọn ìlú Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, lílọ-bíbọ̀ láàárín oko àti ìlú yìí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n: ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọdún ìbílẹ̀, ìbáà jẹ́ ti egúngún, ti ìjẹṣu tàbí ti òrìṣà ìlú, ni agogo tó ń ké pe àwọn ará oko wálé. Nígbà tí Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kírísítì gbilẹ̀, Iléyá, Kérésìmesì àti Àjíǹde jókòó sórí àga tí àwọn ọdún àtijọ́ ti gbé kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni oko gùn sí i. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, kò sì pẹ́ tó fi dé Kánò. Lọ́rì onípákó, èyí tí à ń pè ní bọ́lẹ́kájà, gba ibi tí ojú irin kò gbà. (Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Ẹni tó bá rò pé ìrìnàjò ọdún jẹ́ kìkì ẹ̀rín àti orin, kò tíì dúró ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Iléyá.) Èkó di oko, Kánò di oko, Kùmásí náà di oko. Orúkọ yí padà, wọ́n ń pè é ní àjò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: ibi iṣẹ́ yàtọ̀, ilé yàtọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà, onílé, sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a.

Nínú gbogbo àwọn alájò wọ̀nyí, àwọn ará Ẹ̀jìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tó fi jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé kan ní Ẹ̀jìgbò tí kò ní ènìyàn ní Abidjan. Ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọdé nígboro Ẹ̀jìgbò, ẹ ó sì rí owó sẹ́fà lọ́wọ́ oníṣòwò. Ọkọ̀ akérò wà tó ń gbéra ní Abidjan, tó ń la ilẹ̀ Gánà, Tógò àti Benin kọjá, tó sì ń já èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò gan-an. Ibodè mẹ́rin nìyẹn kí ènìyàn tó fojú kan ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló rí i pé ilé tí àwọn ń padà sí lọ́dọọdún nìkan ló kù tí àwọn lè padà sí. Kì í ṣe ìgbádùn nìkan ni ìrìnàjò ọdún. Òun ni owó ìdásílẹ̀ tí alájò ń san kí ilé má bàa gbàgbé rẹ̀, kí àyè rẹ̀ lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àjò bá bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wálé ni àrùn náà ń gbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun láti ìhà Gold Coast gbé àrùn ọ̀fìnkìn ńlá tó ń jà káàkiri ayé nígbà náà wọ èbúté Èkó. Àwọn bàbá wa pe ọdún náà ní ọdún Lùkúlùkú. Àwọn wólé-wólé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé kiri láti wá aláìsàn, ẹ̀rù sì ba àwọn ará Èkó, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílùú lọ sí abúlé. Àrùn náà bá wọn lọ. Ojú irin tí a fi ń lọ ṣọdún ló gbé e wọ àárín ilẹ̀, nígbà tí oṣù díẹ̀ yóò sì fi kọjá, ó ti pa nǹkan bí 500,000 ènìyàn ní gbogbo Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti fojú bù ú. Àwọn tó sá kì í ṣe òmùgọ̀. Ilé ni wọ́n sá lọ, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa yóò ṣe nìyẹn. Ìjọba amúnisìn ló rán wólé-wólé sí wọn láìjẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé wọn, tí aláìsàn fi rí ara rẹ̀ bí ọ̀daràn.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ bí a ti ń ya ara ẹni sọ́tọ̀ nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà Ṣọ̀pọ̀ná. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ gbangba. Wọn a ní ilẹ̀ gbóná, tàbí kí wọ́n pè é ní Olóde. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, ìlù kì í dún, a kì í ṣe àríyá, ènìyàn kì í rìn kiri lọ́sàn-án gangan. Ẹni tí àrùn náà bá pa, ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sin ín sínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ sunkún. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, nítorí náà ni wọ́n fi ń pe òrìṣà náà ní Alápadúpẹ́. Àwọn àwòrò ni yóò gbé òkú náà lọ sínú igbó, wọn yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn àwòrò náà fi àṣà yìí jẹun, wọ́n sì fi kó ẹrù ẹlẹ́rù. Dókítà Oguntola Sapara, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn òyìnbó àkọ́kọ́ nínú àwọn Yorùbá, bá ẹgbẹ́ wọn jagun gidigidi, ìjọba sì fi òfin de ìsìn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Síbẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ òrìṣà kúrò lára àwọn èèwọ̀ náà, kí ẹ wo ohun tó kù: kí èrò má pé jọ, kí àjèjì má fọwọ́ kan òkú, kí a má lo aṣọ àti ẹní aláìsàn, kí a má rìn láìnídìí. Òfin tí a gbọ́ lórí rédíò ní 2020 nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ìlú ló mọ ìdí tí wọ́n fi ń pa èèwọ̀ Olóde mọ́, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá rú u.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó gba Èkó wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àrùn kòrónà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé kí gbogbo ará Èkó, Ògùn àti Àbújá gbélé fún ọjọ́ 14, bẹ̀rẹ̀ láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn Yorùbá lò fún àṣẹ náà ni kónílé-ó-gbélé. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Òun la ti ń lò fún òfin tó ń lé ènìyàn wọlé lálẹ́ nígbà tí rògbòdìyàn bá ṣẹlẹ̀. Ẹ tú u palẹ̀: kí onílé ó gbé ilé. Onílé inú òwe àjò ni ẹni tó ní ilé kan tí yóò padà sí. Onílé inú àṣẹ yìí ni ẹnikẹ́ni tí òru bá bá lábẹ́ òrùlé. Láàárín ìkéde náà sí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní Èkó. Wọ́n gbọ́ pé kí onílé gbélé, wọ́n sì ń lọ sílé. Mi ò ní sọ pé èdè nìkan ló fà á, nítorí ebi wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, ẹni tó ń jẹ láti ọwọ́ dé ẹnu ní ìdí láti sá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe ìkéde fún Yorùbá mọ̀ pé ilé wọn pé méjì.

Ní àsìkò kan náà ni Abidjan náà ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta yẹn, èrò 127 tó ti Côte d'Ivoire bọ̀ wọ Ẹ̀jìgbò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Gboyega Oyetola dá wọn dúró, wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n tó wọ inú agbo ilé wọn. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, ó ju mẹ́wàá lọ nínú wọn tó ní àrùn náà. Ẹ rò ó wò. Ènìyàn la ibodè mẹ́rin kọjá, ó dé ìlú bàbá rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ wọlé. Kò sí ohun tó le ju èyí lọ nínú àṣà wa. Ẹni tó bá ti àjò dé, omi la kọ́kọ́ ń fún un, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Síbẹ̀, mo gbà pé ìpinnu yẹn wà lára èyí tó dára jù tí a ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́dún náà. Bí àwọn èrò 127 yẹn bá tú ká sínú agbo ilé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, àwọn ìyá arúgbó ni yóò kọ́kọ́ dì mọ́ wọn.

Àwọn ọdún wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, nínú kónílé-ó-gbélé. Ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn; àwọn kan fi ara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ àti màlúù, nítorí òfin kò de oúnjẹ. Wọ́n ká òfin náà kúrò ní ọjọ́ kìíní oṣù keje. Iléyá sì bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá dọwọ́ olúkúlùkù. Títí di ìgbà yẹn, ẹni tí kò lọ sílé lè sọ pé ìjọba ni kò jẹ́ kí òun wá. Ní Iléyá, ọ̀nà ṣí. Wọn kò tíì ṣí mọ́sáláṣí ní Èkó. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ilẹ̀ Saudi kò gba àlejò kankan láti òkèèrè fún Hájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn lọ tó lọ ní 2019. Ìwọ̀nba àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n gbà láàyè. Ṣùgbọ́n kò sí sọ́jà lójú ọ̀nà Ìbàdàn tí yóò dá ènìyàn padà. Àwọn àlùfáà rán àwọn ènìyàn létí ìmọ̀ràn Ànábì lórí àjàkálẹ̀ àrùn: kí ará ìta má wọ ìlú tó bá ti ń jà, kí ará inú ìlú náà má sì jáde. Nígbà tí Umar, kálífà kejì, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù tó gbọ́ pé àrùn ń jà níbẹ̀, ó yí padà lójú ọ̀nà. Ìtàn yẹn wúlò fún ènìyàn tó ti fowó sílẹ̀ ra àgbò, tó sì ń wo fóònù rẹ̀ bóyá kí òun pe gáréèjì tàbí kí òun pe ìyá òun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn pe ìyá. Wọ́n fi owó àgbò ránṣẹ́ láti inú báńkì, wọ́n kí ọdún lórí WhatsApp, wọ́n pa ẹran níbi tí wọ́n wà. Àwọn mìíràn lọ, n kò sì ní dá wọn lẹ́jọ́ níhìn-ín, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ẹni tó lè bójú tó àgbàlagbà.

Ìjẹ̀bú-Òde ni àdánù náà ti hàn sí gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba ń wáyé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin ń tò lọ kí Awùjalẹ̀. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìdí rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ní 2020, kò wáyé. Ní 2021, kò wáyé. Òṣogbo ní oṣù kẹjọ ṣe ọdún Ọ̀ṣun níwọ̀nba, láìsí ogunlọ́gọ̀ àlejò, títí kan àwọn olórìṣà tó máa ń ti Bùràsíìlì àti Amẹ́ríkà wá. Nínú ọ̀nà méjèèjì yìí, ti Òṣogbo wú mi lórí díẹ̀ ju ìkejì lọ: a lè ṣe ètùtù láìpe èrò, nítorí òrìṣà kò ní ka orí. Ṣùgbọ́n èrò gan-an ni Ojúde Ọba. Bí ẹ bá yọ èrò kúrò, ẹṣin àti àgọ́ òfìfo ló kù.

Ohun tó sọnù tí àwọn oníròyìn kò yàwòrán rẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ìpàdé ẹbí ọjọ́ kejì ọdún ni wọ́n ti ń parí ìjà ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìyàwó tuntun han ẹbí, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ ẹni tí òun kò gbọdọ̀ fẹ́. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀ka-èdè ti ń kọjá láti ẹnu àgbà sí etí ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, tó ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé, kò níbòmíràn tí yóò ti gbọ́ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì látàárọ̀ dalẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fi ń ṣọdún nílé. Fóònù kò lè ṣe é; lórí fóònù, ìyá àgbà máa ń gbìyànjú láti sọ èdè tí ọmọ yóò tètè gbọ́. Lójú ọmọ ọdún mẹ́jọ, Iléyá méjì tí kò lọ kì í ṣe ohun kékeré.

Nígbà tí oṣù kejìlá dé, àrùn náà tún gbérí. Ìjọba Èkó fòfin de àríyá òpópónà àti àwọn agbo orin ìparí ọdún, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ sì rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má rìnrìnàjò tí kò pọn dandan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ìjọba ibẹ̀ sọ fún àwọn ènìyàn ní ọjọ́ mẹ́fà sí Kérésìmesì pé kí wọ́n má kúrò níbi tí wọ́n wà, àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ sì gbọ́ èyí náà. Ìkíni wa ní apá méjì, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Nígbà tí ara bá le, apá kejì kì í ju àfikún lásán lọ, ẹlòmíràn a sì gbé e mì. Lọ́dún náà, mo gbọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó fò apá kìíní, tí wọ́n sì fi ìyèdún bẹ̀rẹ̀.

Ojúde Ọba padà ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2022, lẹ́yìn ìsinmi ọdún méjì. Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà, ẹni tó gorí oyè ní 1960, ṣì wà lórí ìtẹ́ láti gba ìkíni; ó di àgbàlagbà ẹni ọdún 88 nígbà náà, ó sì tún gbé ọdún mẹ́ta sí i kí ó tó wàjà ní oṣù keje ọdún 2025.